Atalẹ̀ tó já mi kulẹ̀ ní Kuje

Ìyá Tọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ní tíṣà bayọ́lọ́jì ní kí ọmọ yín ṣàlàyé bí ohun abẹ̀mí ṣe ń bímọ láìsí akọ àti abo, ẹ sì ń wá ohun tó lè gbìn kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kò le rárá. Bakitéríà á ṣe ẹ̀dà jíìnì rẹ̀, ìyẹn àbùdá àjogúnbá rẹ̀, á là sí méjì. Bí oúnjẹ àti ooru bá tó, òmíràn ò ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Yíìsì búrẹ́dì á yọ kókó lára, kókó á já, á dá dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń yọ ọmọ nídìí, iṣu ń hù láti ara èbù. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí tíṣà kì í sọ ni pé ọmọ tí kò ní bàbá, ìyá rẹ̀ náà ló tún padà wá. Owó ni mo fi kọ́ ìyẹn.

Lọ́dún 2023, mo ra àpò atalẹ̀ mẹ́rìnlá láti Kachia ní gúúsù Kàdúná, citta làwọn Hausa ń pe atalẹ̀, mo kó o wá sóko mi ní Kuje, l'Àbújá. Ẹ ó gé e ní ègé ègé, kí ojú wà lára ègé kọ̀ọ̀kan. Ó hù, ó dùn ún wò. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ní ajílẹ̀ ló ń fẹ́, mo da ajílẹ̀ sí i. Ẹ fà á báyìí, ewé nìkan lẹ ó bá lọ́wọ́. Ìdí ti rọ̀ bí àkàrà tó bọ́ sómi. Òórùn yẹn ṣì wà nímú mi. Mo wá pe ọ̀gbẹ́ni kan tó ní amòye ọ̀gbìn lòun. Etí oko ló dúró sí kí ẹrẹ̀ má bàa kan bàtà rẹ̀, ó ní kí n lọ ra oògùn kòkòrò. Kòkòrò wo? Ó sì gbowó epo mọ́tò! Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé àrùn kan ti ń run oko atalẹ̀ káàkiri gúúsù Kàdúná lọ́dún yẹn.

Jíìnì kan náà ni gbogbo atalẹ̀ tí mo gbìn ní, kò sí èyí tí ara rẹ̀ le ju ti èkejì lọ. Àgbàdo tó ní akọ àti abo, àrùn á mú tibí, tọ̀hún á yè é. Ìdajì àpò ni mo kó nílé.

Ẹni tó bá ń ta èbù atalẹ̀ fún yín, ẹ ṣẹ́ èbù náà wò. Kó búra títí, bí èbù bá ti rọ̀, ẹ máa lọ. Igi pákí tí ewé ìyá rẹ̀ bá ká kò, ẹ má gé e gbìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ti ọmọ yín lẹ béèrè. Ewé àbámọdá ni kó wá. Kó tẹ́ ẹ sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù, kó má rì í mọ́lẹ̀. Ọmọ wínníwínní á yọ létí ewé náà, tewétewé, tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, kó fi ọ̀rá bò ó, ọyẹ́ Àbújá kì í ṣeré.