Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iago Olóòótọ́ àti àwọn èèyàn Othello

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ Othello ti Shakespeare ló pọ̀ jù nínú ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí, ó ti wà nínú sílẹ́bọ́ọ̀sì WAEC rí, torí náà ojú ewé yìí ti di tiẹ̀ lónìí. Fún ẹni tí kò kà á: Othello jẹ́ ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ fún ìlú Venice, ó fẹ́ Desdemona láì jẹ́ kí bàbá ọmọ gbọ́, wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Kípírù torí ogun àwọn ará Tọ́kì, ibẹ̀ ni Iago, sójà tó ń gbé àsíá fún un, tínú ń bí torí pé Cassio ni wọ́n fi ṣe igbákejì ọ̀gá, ti purọ́ mọ́ Desdemona pé Cassio ń yàn án lálè, tó fi hánkáṣíìfù tí Othello fún Desdemona, tó lọ jù sí yàrá Cassio, ṣe ẹ̀rí, títí ọkọ fi pa ìyàwó ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tísà lítíréṣọ̀ ni mí ní Òṣogbo. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti dá Emilia, ìyàwó Iago tó ń bá Desdemona ṣiṣẹ́, lẹ́bi pátápátá, wọ́n ní olè ni, òun ló gbé hánkáṣíìfù Desdemona, òun ló fa ikú ọ̀gá ẹ̀. Ṣé ẹni burúkú ni lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Àwọn ọmọ yẹn ò purọ́, tísà wa, wọ́n kàn tètè dúró ni. Hánkáṣíìfù yẹn já bọ́ ni. Othello ní orí ń fọ́ òun, Desdemona fẹ́ fi bá a di orí, ọkọ ní ó ti kéré jù, ó bọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì jáde, Emilia wá he é. Ọjọ́ pẹ́ tí Iago ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó bá òun jí i. Ó kọ́kọ́ ní òun máa ya bátànì ara ẹ̀ ni, àmọ́ bí ọkọ ẹ̀ ṣe yọjú báyìí ó gbé e lé e lọ́wọ́, kò sì tíì pẹ́ tó fi ń bẹ̀ ẹ́ pé tí kì í bá ṣe nǹkan gidi ló fẹ́ fi ṣe kó dá a padà, pé ọ̀gá òun á ya wèrè tó bá wá a tì. Ẹ rí i pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Èmi ò tiẹ̀ ka híhe yẹn sí bàbàrà. Act 3 Scene 4 ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lọ kà. Desdemona bi í pé níbo lòun lè ti sọ hánkáṣíìfù yẹn nù, Emilia, ó ní òun ò mọ̀, màdáámù. Kò pẹ́ Othello wọlé, ó ń béèrè hánkáṣíìfù, ìyàwó ń bá a sọ̀rọ̀ Cassio, ó tún ní hánkáṣíìfù dà, ìyàwó tún bá tiẹ̀ lọ, ọkùnrin yẹn pariwo hánkáṣíìfù léraléra ó sì fìbínú jáde, Emilia wà níbẹ̀ ó ń wò wọ́n. Gbólóhùn kan ló kù kí wàhálà yẹn tán: Iago ni mo gbé e fún. Kò sọ ọ́. Bí Othello ṣe jáde, ohun tó wá ń bi ọ̀gá ẹ̀ ni pé ṣé kì í ṣe owú ni ọkùnrin yìí ń jẹ báyìí? Ibẹ̀ ni mo ti bínú sí i gan-an.

Àmọ́ obìnrin yìí kan náà ni o, tó bá di Act 5. Iago ní kó panu mọ́, kó máa lọ sílé. Ó ní òótọ́ ni pé ó yẹ kóun gbọ́ràn sí ọkọ òun lẹ́nu, àmọ́ kì í ṣe báyìí, bóyá òun ò tiẹ̀ ní délé mọ́ láéláé. Ló bá tú u síta pé òun lòun he hánkáṣíìfù yẹn, òun lòun gbé e fún ọkọ òun. Iago gún un pa. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló la ẹnu sọ ohun tó ba orúkọ tiẹ̀ náà jẹ́, nígbà tó ti mọ̀ pé ó lè gba ẹ̀mí òun. Kí àwọn ọmọ yẹn kọ méjèèjì sílẹ̀ jàre, kí wọ́n má fi ìkan bo ìkejì mọ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ọmọ mi ń múra ìdánwò. Ó rí ibi tí Shakespeare ti ní ẹni tó jí pọ́ọ̀sì òun pàǹtírí ló jí, àmọ́ ẹni tó ba òun lórúkọ jẹ́ ló sọ òun di òtòṣì. Mo ní kó fi parí àròkọ ẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ ní kó má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ó sì jọ ti Ìwé Òwe inú Bíbélì tó ní orúkọ rere sàn ju ọrọ̀ púpọ̀ lọ, àmọ́ Iago ni Shakespeare fi í sí lẹ́nu, níbi tó ti ń rọra bu oró sétí Othello, tó ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlòmíì láìdáa. Kẹ́ ẹ wá padà sí Act 2 Scene 3. Iago ti fún Cassio lọ́tí mu lójú iṣẹ́, Cassio ti jà, Othello ti gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá ń ké pé òkìkí òun ti lọ, pé ohun tí kì í kú lára òun ti lọ, ó ku ti ẹranko. Iago ní háà, òun tiẹ̀ rò pé ó fara pa ni! Ó ní òkìkí ò já mọ́ nǹkan kan, pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún un ń rí i, ẹni tí kò ṣẹ̀ ń pàdánù ẹ̀. Ẹnu kan náà ló fi sọ méjèèjì, ó kàn ń wo ẹni tó wà níwájú ẹ̀ ni.

Ibi tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èyí tó sọ fún Cassio yẹn, ara ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí ẹ̀. Othello ń pè é l'olóòótọ́, Cassio ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan tó fi yẹ ẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Tí ọmọ bá kọ pé Iago ló sọ ọ́, tó sì sọ ìdí tó fi sọ ọ́, á rí máàkì.

ÌBÉÈRÈ: Kí la máa pe Othello gan-an, ẹni rere tí wọ́n tàn ni àbí apààyàn?

ÌDÁHÙN: Apààyàn. Wọ́n tàn án lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi pa á. Nígbà tí àṣírí tú, ó ní tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n pe òun ní apààyàn tó níyì, pé kì í ṣe ìkórìíra, torí iyì lòun ṣe ṣe é. Àwa náà ń sọ ọ́ pé ikú yá j'ẹ̀sín, àmọ́ ikú ara ẹni la ní lọ́kàn, kì í ṣe ti ìyàwó ẹni. Kó tó gún ara ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ròyìn òun nínú lẹ́tà tó ń lọ sí Venice ló ń bá wọn sọ, òkú Desdemona sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bianca, ọ̀rẹ́bìnrin Cassio, ńkọ́? Ṣé aṣẹ́wó ni lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Nínú ìwé ńlá 1623 tí wọ́n kó eré Shakespeare jọ sí lẹ́yìn ikú ẹ̀, wọ́n to orúkọ àwọn tó wà nínú eré yìí, aṣẹ́wó ni wọ́n kọ síwájú orúkọ tiẹ̀. Ẹ wá a dé inú eré, ta lẹ máa bá tó ń sọ pé ara ló ń tà tó fi ń ra búrẹ́dì àti aṣọ? Iago náà ni! Ohun tí ojú wa rí ò ju obìnrin tó fẹ́ràn Cassio lọ, tí Cassio sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Lálẹ́ tí wọ́n gún Cassio lẹ́sẹ̀, òun ló sáré wá tó ń ké lé e lórí, Iago ní ẹ wo ojú obìnrin yìí bó ṣe funfun, ó mọ̀ nípa gígún yẹn. Emilia pè é láṣẹ́wó. Ó ní òun kì í ṣe aṣẹ́wó, pé ayé òun mọ́ bíi ti ẹni tó ń bú òun. Emilia ní, bíi tèmi kẹ̀, ṣíọ̀! Bẹ́ẹ̀ Emilia yìí ni inú ẹ̀ ru ṣùù nígbà tí wọ́n pe ọ̀gá ẹ̀ ní orúkọ kan náà. Cassio ló pàpà di alákòóso Kípírù, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Bianca.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé fíìmù ẹ̀ wà?

ÌDÁHÙN: Ó wà. Èyí tó jáde ní 1995 dáa, Laurence Fishburne ló ṣe Othello, Kenneth Branagh ṣe Iago. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ púpọ̀ ṣá, torí náà kí ẹni tó ní ìdánwò kàwé ẹ̀ kó tó wò ó.