Ẹ Bi Wá: Ibo ni MMM ti wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní Rọ́ṣíà ni MMM, ètò tó ń ṣèlérí láti sọ owó di púpọ̀, tó wọ Nàìjíríà ti wá, pé ìṣubú ìjọba kọ́múníìsì ló bí i. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Sergei Mavrodi, tó wà nídìí èyí tó tilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn ní Nàìjíríà lóṣù Kejìlá 2016, náà ló dá MMM sílẹ̀ ní Moscow lọ́dún 1989, àmọ́ ẹ̀yìn ìṣubú kọ́múníìsì ló tó di ètò tó ń kó owó aráàlú.

Láyé kọ́múníìsì, ìjọba ló ń dá iye lé ọjà, ọjà kì í sì í tó. Owó wá kún báńkì nítorí kò sóhun tí wọ́n fẹ́ fi rà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 1992, lẹ́yìn tí kọ́múníìsì ti ṣubú, ìjọba Boris Yeltsin, ààrẹ Rọ́ṣíà, yọwọ́ lórí iye ọ̀pọ̀ ọjà. Kí ọdún náà tó parí, ọjà ti gbówó lórí ju ìlọ́po ogún lọ. Owó tí arúgbó fi gbogbo ayé rẹ̀ tù jọ di aláìníláárí. Ó bani nínú jẹ́ gidigidi, nítorí àwọn tó fọkàn tán ìjọba ni ìyà náà jẹ jù.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ìjọba fún tọmọdé tàgbà ní ìwé tí wọ́n kọ 10,000 rúbù (owó Rọ́ṣíà) sí, pé kí wọ́n fi ra ìpín nínú iléeṣẹ́ ìjọba. Ta ló mọ ohun tí ìpín jẹ́ nígbà náà? Ọ̀pọ̀ tà á ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú.

Àárín wọn ni MMM bọ́ sí ní 1994. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá iye lé ìpín tó ń tà, tó sì tún ń rà padà, ó sì ń fowó lé e lemọ́lemọ́. Kò sí òwò kankan nídìí rẹ̀. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ti dé tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣírò ó: bí èèyàn 100 bá mú 1,000 wá tí ẹ ṣèlérí 2,000, ẹ nílò 200 èèyàn tuntun, lẹ́yìn náà 400. Ní ìgbà kẹwàá, 102,400 lẹ máa wá. Ìparí oṣù Keje ni MMM fúnra rẹ̀ já iye ìpín náà wálẹ̀, owó sì wọmi.

Òfin tó dá lórí títa ìpín kò tíì sí. 1996 ló tó dé. Wọ́n mú Mavrodi lóṣù Kẹjọ 1994 lórí ọ̀rọ̀ owó orí, àmọ́ lóṣù Kẹwàá wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin, ó sì bọ́. Àwọn tí owó wọn há sọ́wọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó dìbò náà: wọ́n rò pé bó bá wà látìmọ́lé, kò sẹ́ni tó máa san án padà. Ọdún 2007 nilé ẹjọ́ tó jù ú sẹ́wọ̀n lórí jìbìtì MMM.