Owó inú àpótí kì í pé

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi ni mò ń mójú tó owó ní àjọ kékeré kan tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán ní Kabba. ₦50,000 ló ń wà lọ́wọ́ mi fún ìnáwó pẹ́pẹ̀pẹ́, àmọ́ kì í pé bí oṣù bá parí. Ọlọ́kadà kì í fúnni ní rìsíìtì, ìyá ọlọ́jà náà kì í fúnni. Owó ara mi ni mo fi ń dí i. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Òkun o, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó yín dí i mọ́. Òun ló ń bo ojú ibi tó ń jò.

Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí àpótí, owó inú rẹ̀ àti àpapọ̀ fáọ́ṣà (ìwé tí ẹ ń kọ ìnáwó kọ̀ọ̀kan sí) gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦50,000 géérégé. Bí fáọ́ṣà bá jẹ́ ₦37,400, ₦12,600 ló yẹ kó kù. Bí ẹ bá ka ₦11,100, ₦1,500 ti dín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa kà á, torí ìnáwó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ta ni yóò rántí? Bí ẹ bá sì ń gbà kún un ní báǹkì, ₦37,400 orí fáọ́ṣà ni kí ẹ gbà, ẹ má sọ ọ́ di ₦40,000.

Ẹni tí kò ní rìsíìtì, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ìwé lọ bá a. Ẹ kọ ọjọ́, ohun tí ẹ rà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. “Kabba sí Ìsánlú” ni kí ẹ kọ, “owó ọkọ̀” lásán kò tó. Ẹ kọ iye náà ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí 1 tí kò dúró dáadáa lè di 7. Inú gáréèjì ni kí òṣìṣẹ́ ti kọ ọ́, kó má dúró di ọ́fíìsì. Rìsíìtì POS máa ń ṣá, ẹ ṣe fótókópì rẹ̀ kíá.

Àwìn ẹnu ló sábà ń fa ìjò jù: “Yá mi ní ₦2,000, màá dá a padà lọ́la.” Bí ó bá pọn dandan, kí ó kọ orúkọ, iye àti ọjọ́ ìdápadà, kí ìwé náà wà nínú àpótí. Bí ọ̀gá bá ni ó ń yá a, òun náà yóò kọ ọ́.

Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ sórí fáọ́ṣà kọ̀ọ̀kan: owó tí wọ́n fún yín fún ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe owó epo jẹnẹrétọ̀. Kí ẹlòmíràn sì máa wá ka àpótí náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù láìsọ tẹ́lẹ̀, kó sì fọwọ́ sí iye tó bá.