Ilé Oko fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ràn Ọ̀gbìn

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì, a sì ní pílọ́ọ̀tì méjì létí Ìṣẹ́yìn tí a fẹ́ kọ́ ilé ìgbàlódé sí. Ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ ni ayọ̀ wa, ṣùgbọ́n kànga ibẹ̀ a máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú ilé wo ni kí a yà, tí ọgbà wa kò fi ní kú?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì. Kí ẹ tó ka iye yàrá, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, nítorí òun ni yóò máa bomi rin ọgbà yín. Ní agbo ilé àtijọ́, àwọn òrùlé a máa da omi òjò sí àgbàlá kan náà, níbi tí ìkòkò ńlá ti ń gbà á. Bí òrùlé yín bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 150, tí òjò ọdún kan sì lé ní 1,000 mìlímítà, omi tí ẹ ó rí yóò ju 100,000 lítà lọ, bí díẹ̀ tilẹ̀ ṣòfò.

Ibi tí ẹ ó tọ́jú rẹ̀ sí ni iṣẹ́ wà. Ebè ẹ̀fọ́ tí ó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 40 lè mu 200 lítà lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí ó tó 30,000 lítà láti oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kẹta. Ẹ gbẹ́ àgbá kọnkéré tí yóò gba ìyẹn sí abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ eruku àti ìgbẹ́ alángbá kúrò lórí páànù kí omi tó wọ inú rẹ̀.

Inú mi dùn sí kòtò àgbá yẹn gan-an, nítorí pé ilẹ̀dú òkè rẹ̀ yóò lọ sí orí ebè, nígbà tí ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀, bí ó bá dára, yóò di bíríkì tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ tí a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà rí ògiri púpọ̀ gbóná. Kí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sí ẹ̀gbẹ́ ebè tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Omi balùwẹ̀ ni kí ẹ darí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í ṣe sí orí ẹ̀fọ́.

Bí owó kò bá tó, ẹ fi táìlì ilẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ òkè àjà sílẹ̀ di ọdún mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dín àgbá omi náà kù.