Epo pupa kì í lé òjé kúrò lára ọmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ọ̀gá wolé-wolé. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀, kò jìnnà sílé wa, ní ààlà Èkó àti Ògùn. Ọmọ wa ọlọ́dún méjì kò jẹun dáadáa mọ́. Ìyàwó mi ń fún un ní epo pupa àti mílíìkì láràárọ̀. Ẹnì kan tún fẹ́ ta àgbo tó ń fọ májèlé fún wa. Èwo ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Kí ló sì dé tí ìjọba ò kàn ti ibẹ̀ pa kí wàhálà tán?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá wa. Ẹ má ra àgbo náà; owó rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn afọmájèlé yìí ti sú mi. Òbí tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri.

Epo pupa ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí ọmọ bá mu kẹrosínì, kí á rọ epo sí i lọ́nà ọ̀fun. Ìyẹn gan-an ò dáa: bí ọmọ bá bì, epo àti kẹrosínì lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Òjé ní tiẹ̀ kì í jókòó sínú ikùn de epo. Ó ń wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń dé ọpọlọ, èyí tó kù á lọ fara pamọ́ sínú egungun, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni epo fẹ́ ṣe fún ohun tó ti wà nínú egungun? Oúnjẹ ni mílíìkì, ẹ máa fún un. Ọmọ tó ń jẹun kánú kì í fa òjé sára tó èyí tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n kì í yọ èyí tó ti wọlé.

Oògùn tó ń fa òjé jáde wà. Chelation ni àwọn dókítà ń pè é, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti ń lò ó. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí wọ́n lò ó fún ọmọdé bí òjé bá ti tó máíkírógíráàmù 45 nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan (ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà). Bó bá ti tó 5, kí wọ́n wá ibi tó ń gbà wọlé, kí wọ́n dí i.

Ibi tó ń gbà wọlé gan-an lẹ ò bi mí. Yẹ̀pẹ̀ ojúde yín ni, àti eruku tó bà sórí fèrèsé, àti aṣọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ á fọwọ́ pa ilẹ̀, á ti ọwọ́ bẹnu, ó tán.

Ìdí nìyí tí títì pa nìkan ò fi tó. Lọ́dún 2010, ní Zamfara, ju 400 ọmọdé lọ ló kú nítorí òjé tó wà nínú òkúta wúrà. Inú ọgbà ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta náà. Ní Bagega, abúlé kan níbẹ̀, àwọn dókítà àjọ aláàánú MSF (Doctors Without Borders) ní àwọn ò ní bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú títí wọn yóò fi kó yẹ̀pẹ̀ olóró kúrò, torí orí yẹ̀pẹ̀ kan náà lọmọ máa padà sí. Ìjọba ṣèlérí owó ní 2012. Ó di 2013 kó tó jáde. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, yẹ̀pẹ̀ ibi tí wọ́n ti fọ́ bátìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ará àdúgbò ń wú, tí wọ́n ń kó o sínú àpò lọ sílé láti jọ òjé rẹ̀ tà. Ọmọ 18 ló kú láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008.

Ẹ ti géètì lónìí, àwọn kan á gbé àáké, wọ́n á máa la bátìrì lẹ́yìnkùlé wọn lọ́la, torí owó wà ńbẹ̀, inverter àti sólà sì ń bí bátìrì tuntun lójoojúmọ́. Èwo ni NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, máa mú, èwo ni ti ìpínlẹ̀, èwo ni tàwa tí gbogbo ayé mọ̀ mọ gọ́tà àti ààtàn? Bí ẹ bá ń kọ ìwé ẹ̀sùn, ẹ fọwọ́ sí i pọ̀, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò yẹ̀pẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ àdúgbò, àti pé kí ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ sanwó kíkó o kúrò.

Nílé, ẹ má gbálẹ̀ gbígbẹ. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Kí bàtà wà níta. Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ń ṣiṣẹ́ bátìrì, kó wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ. Kí ìyá ọmọ sì jọ̀wọ́ dá tìróò dúró: òkúta tí wọ́n ń lọ ṣe tìróò ìbílẹ̀, òjé ni púpọ̀ nínú rẹ̀. (Mo mọ̀ pé ìyá àgbà ò ní fẹ́ gbọ́ eléyìí.)

Wolé-wolé ni mí, n kì í ṣe dókítà, n kò sì rí ọmọ yín. Àìjẹun lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ aràn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, kí ẹ sì sọ fún un lẹ́nu ara yín pé ẹ ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì, torí ó lè má wá sí i lọ́kàn. Kì í ṣe gbogbo lábù ló ń wo òjé. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú un, tàbí tó ń sùn tí kò jí dáadáa, ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀ ni o, kí ẹnikẹ́ni má sì da àgbo gìrì sí i lẹ́nu.