Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú ọjọ́ kan: kátákóòmù Róòmù pẹ̀lú ìyá àgbà

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ ní màmá yín, ẹni ọdún 74, fẹ́ rí àwọn ibojì abẹ́ ilẹ̀ Róòmù tí wọ́n ń pè ní kátákóòmù. Ẹ sì bèèrè bóyá kí ẹ sanwó fún ìrìnàjò ọlọ́jọ́ kan tó ń mú èèyàn dé kátákóòmù méjì àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san án. Èmi san án fún màmá tèmi, ojú wa sì rí màbo.

Kátákóòmù kejì la wà tí orúnkún màmá fi wú. Amọ̀nà ń pariwo pé ká yára, ọkọ̀ ń dúró. Nígbà tá a dé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, màmá ò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìyá tó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa láti ohun tó lé ní 40 ọdún, tó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ nítorí ìrìnàjò yìí, ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ti wo ilé Ọlọ́run. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Kátákóòmù kan ti tó. San Callisto ni màá yàn, lójú ọ̀nà Appia àtijọ́. Bọ́ọ̀sì 118 ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́rú ni wọ́n ń tì í, nítorí náà ẹ ṣọ́ra. Àtẹ̀gùn lẹ máa gbà sọ̀ kalẹ̀, òun náà lẹ sì máa gbà gòkè. Bí oòrùn tilẹ̀ ń jó lókè, abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ẹ mú súwẹ́tà dání fún màmá. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn dá rìn níbẹ̀, amọ̀nà tiwọn ló ń mú èèyàn káàkiri. Wọn kì í gbà kéèyàn ya fọ́tò.

Ẹ sọ fún màmá kí ẹ tó lọ pé ihò òfìfo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí àwọn onígbàgbọ́ ń sá pamọ́ sí ni, ṣùgbọ́n itẹ́ òkú ni. Òfin Róòmù kò gbà kí wọ́n sin òkú sáàárín ìlú. Èyí ya màmá mi lẹ́nu púpọ̀, torí inú yàrá ni wọ́n sin bàbá tó bí bàbá rẹ̀ sí. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n wá lọ gbẹ́lẹ̀ sí, nínú òkúta tí òkè ayọnáyèéfín fi sílẹ̀, tó rọ̀ láti gbẹ́, tó sì ń le bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ihò lórí ihò, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwọn kan kúrú, ti ọmọdé. Ibẹ̀ ni màmá mi ti dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sin Póòpù mẹ́sàn-án sí ní ọ̀rúndún kẹta, awalẹ̀pìtàn Giovanni Battista de Rossi ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1854. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ibojì Sẹ̀sílíà Mímọ́ wà, ajẹ́rìíkú tó jẹ́ alágbàwí àwọn olórin, tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin Kátólíìkì mọ̀. Òfìfo lòun náà. Màmá bèèrè pé, "Ibo ni wọ́n wá gbé e lọ?" Amọ̀nà wa ti lọ síwájú.

Èmi ni mo padà wá ìdáhùn. Àwọn ọmọ ogun àti olè ti ń da ibojì wọ̀nyẹn rú, làwọn Póòpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó egungun àwọn ajẹ́rìíkú wọ inú ìlú. Ní 821, Póòpù Paschal Kìíní gbé Sẹ̀sílíà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ orúkọ Sẹ̀sílíà, Santa Cecilia, ní àdúgbò Trastevere ní Róòmù. Ó kó ọ̀pọ̀ àwọn yòókù sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Prassede.

Nítorí náà, ọjọ́ kan fún San Callisto, kí màmá sinmi, ọjọ́ kejì fún Santa Cecilia ní Trastevere. Kí ó fi ìborùn bo èjìká. Lábẹ́ pẹpẹ ibẹ̀ ni ère mábù Sẹ̀sílíà tí Stefano Maderno gbẹ́ ní 1600 wà. Àwòkọ rẹ̀ lẹ máa rí ní San Callisto. Obìnrin náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀, ojú ọgbẹ́ idà wà lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ọkọ̀ òfuurufú wa gbéra ni mo mú màmá lọ síbẹ̀, àwa méjèèjì péré. Ó jókòó síwájú ère yẹn fún bí ìdajì wákàtí, kò sẹ́ni tó pè é pé kó dìde. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń kọrin lábẹ́ èémí, ohùn áltò tó ti ń gbé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.