Ìdáhùn: ìpele wo ni kí a wò lórí HRRR fún ìgbì afẹ́fẹ́ òkè Colorado?

Àbúrò, o ní ìpele wo ni kí o máa wò lórí HRRR, módẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní Amẹ́ríkà, kó o lè rí ìgbì òkè (afẹ́fẹ́ tó ń ru sókè sódò bí omi lẹ́yìn tó bá kọjá òkè), kó o tó wa bàálù kékeré kọjá àwọn òkè Front Range, ní ìwọ̀-oòrùn Denver, torí pé olùkọ́ rẹ ní 700 hPa ti tó (hPa ni ìwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́; bí nọ́ńbà ṣe ń kéré ni ìpele ń ga). Kò tó o. Màá débẹ̀.

Ẹni tó sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ tí ìgbì mú èmi náà ní kò sí nǹkan kan lórí máàpù òun. Ojú ọ̀run náà mọ́ kedere. Àwọn ìkùukùu pẹlẹbẹ tó máa ń dúró lójú kan, n ò rí ẹyọ kan, torí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú; ìgbì ò dẹ̀ nílò ìkùukùu. Láti ìlà-oòrùn ni mo ti ń bọ̀, mo dojú kọ afẹ́fẹ́. Mo fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára ẹ̀, mo gbé imú bàálù sókè, síbẹ̀ aago ń sọ pé mò ń wálẹ̀. Wíwálẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe díẹ̀. Bó o bá tún fa imú sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, bàálù ò ní fò mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kó sínú rotor, afẹ́fẹ́ tó ń yí bírí lábẹ́ ìgbì. Orí mi gbá òrùlé, n ò lè ka nọ́ńbà kankan níwájú mi. Ohun tó kó mi yọ ni pé mo dagun sí òkè, n ò kọjú sí i tààrà, ló jẹ́ kí n lè tètè yí padà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo dín eré kù, mo jẹ́ kó máa gbé mi lọ sókè sódò bó ṣe wù ú.

Nígbà tí mo pe ọ̀gá yẹn padà, ó ní ṣé kì í ṣe ẹ̀rù ló bà mí. Ní January 1964, afẹ́fẹ́ já èyí tó pọ̀ jù nínú ìrù B-52 kan, bàálù ológun ńlá, tó ń kọjá lórí òkè Sangre de Cristo. Àwọn tó wà á ṣì gúnlẹ̀ láyọ̀. Ṣé ẹ̀rù ló já ìyẹn náà?

Ó dáa, 700. Ìpele yẹn ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ṣóńṣó òkè kan níbẹ̀ kọjá 14,000. Nínú àpáta ni 700 wà níbẹ̀! Módẹ́ẹ̀lì kàn ń fi ìṣirò dí àlàfo ni. 600 àti 500 ni kó o wò, lórí máàpù afẹ́fẹ́ tó ń gòkè àtèyí tó ń wálẹ̀. Bí ìlà gígòkè àti wíwálẹ̀ bá tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, tí wọn ò kúrò lójú kan bí wákàtí ṣe ń lọ, ìgbì nìyẹn. Wákàtí wákàtí ni HRRR ń gbé tuntun jáde. Bí gbogbo wọn bá ní ìgbì wà ṣùgbọ́n tí wọn ò fẹnu kò lórí ibi tó wà, gba ìgbì gbọ́, má gba ibẹ̀ gbọ́. Kìlómítà 3 ni àlàfo àárín ojú kan sí èkejì nínú àwọ̀n ìṣirò ẹ̀, àwọ̀n tójú ẹ̀ fẹ̀ ò sì lè mú ẹja wẹ́wẹ́: rotor ò ní hàn rárá.

Afẹ́fẹ́ tó dábùú òkè, nọ́ọ̀tì 20 sókè (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré afẹ́fẹ́), tó ń le sí i bó ṣe ń ga, ìyẹn o ti mọ̀. Bálúùnù tí wọ́n ń fò sókè láti wọn afẹ́fẹ́ ní Grand Junction, ní ìwọ̀-oòrùn àwọn òkè náà, ni kó o fi yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ti Denver, torí ọ̀nà ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà bọ̀.

Àwọn módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣì ń dán wò ńkọ́? Mò ń lò wọ́n, ojú wọn kéré ju ti HRRR lọ. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn lópin ọ̀sẹ̀, máàpù àná lè wà níbẹ̀ tí o ò ní mọ̀. Wo ọjọ́ àti aago tó wà lórí ẹ̀ kó o tó wo àwọ̀. UTC, aago àgbáyé, ni wọ́n ń lò. Nígbà òtútù, yọ wákàtí 7 kúrò fún Denver.